Ẹ̀jẹ̀ Èjìdé àti Oúnjẹ Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ẹni tí ológoṣẹ́ kan kì í já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Rẹ̀, fún ẹ̀mí Èjìdé, ọmọ bíbí Issaba, opó Jérôme, ìyá Léonce àti Félicité. A dúpẹ́ pé ó ń mí, pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè, àti pé bí ọmọ kan bá bu omi fún un, ó mọ orúkọ ọmọ náà. Ní ọdún tó kọjá, ohun tí a sọ kẹ́yìn yìí kò dájú mọ́. Ìdí tí kò fi dájú mọ́, àti ohun tí àwọn tí ó bí ṣe lórí rẹ̀, ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìríra lẹ́nu ẹni tí yóò sọ ọ́.

Èjìdé kò ṣe ohun tí a ń kọ sára ògiri. Epo ni ó ṣe. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé Jérôme ni ó ti ń se ẹyìn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí ó ń gbọ́n epo kúrò lójú omi, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi pọ́n tí àwọ̀ náà kò sì ṣí mọ́. Epo yìí ni ó fi rán Léonce lọ sí ilé-ìwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Félicité, àbúrò rẹ̀, fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta kí agbára ìyá lè ká ti ẹ̀gbọ́n. Ó lọ sí ilé ọkọ ní Takon, ní agbègbè Sakété, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ títí di òní.

Ìyá fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, ó gbọ́ orin Dáfídì lẹ́nu olùkọ́ni ìjọ, ó sì gbà á sínú bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò àkọ́rọ̀. Nígbà tí ó fi di ìyá àgbà, ó ti mọ nǹkan bí ọgọ́ta nínú wọn láìfi ojú kan ìwé. Ní ọjọ́rú gbogbo, àwọn obìnrin tí ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi a jókòó yí i ká. Òun a wí, àwọn a tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbàdúrà ní Issaba àti ní Pobè lónìí, ẹnu Èjìdé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé olùṣọ́ àgùntàn kan wà tí kì í sùn.

Àṣà kan wà nílé wa tí ó dára láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àgbà kì í jẹ àwo rẹ̀ tán. Ẹja tàbí ẹran tí ó bá wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò palẹ̀ àwo mọ́, ọmọ náà a sì fi orúnkún gbà á gẹ́gẹ́ bí ìbùkún. Àwọn àgbà mìíràn a máa fi egungun sílẹ̀, wọn a ní ìbùkún wà nínú mùdùnmúdùn. Èjìdé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ni ó ń fi sílẹ̀. Kò sí ọmọ kan tí ó gbé àwo rẹ̀ lọ sí ìdí omi tí ẹnu rẹ̀ kò dùn.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kò gba iṣẹ́ epo mọ́, Léonce sì mú un wá sí ilé rẹ̀ ní Pobè. Ilé tí a ń wò ni: ìlẹ̀kùn onírin, ilẹ̀ tí ń dán, iyàrá fún àlejò méjì. Léonce ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù. Òun ni ó fi páànù bo ilé ìsìn wa nígbà tí ìjì ká a lórí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òpó ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ajé àjíǹde, òun náà ni ó ń bọ́ àwọn opó ìjọ. Ìrẹsì a pọ̀, adìyẹ a pọ̀, ẹni tí ń ya àwòrán a wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ara wa pamọ́: àwa náà jẹ ìrẹsì náà, a sì súre fún un pẹ̀lú ẹnu tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà, òun tí ó jẹ́ opó ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá rẹ̀ wà nílé, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí gbogbo àwọn ará ilé ti lọ gbé abọ́.

Arlette, ìyàwó Léonce, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó gbìmọ̀ ibi. Ó kàn ṣe àkíyèsí, láàárín oṣù mélòó kan, pé gbogbo ẹja tí òun ń fi sínú ọbẹ̀ ìyá ni ó ń padà sínú ẹnu àwọn ọmọ. Ó wá rò ó pé, kí ni a ṣe ń rán ẹja lọ sí ìrìn àjò tí yóò ti padà? Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ẹja sí àwo ọmọ tààrà. Ti ìyá di ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀, gaàrí àti ata lílọ̀. Lójú Èjìdé, ìbùkún náà ṣì ń lọ síbi tí ó yẹ. Báyìí ni ọdún mẹ́rin ṣe kọjá lórí obìnrin kan, nínú ilé tí adìyẹ wà nínú ẹ̀rọ amómitutù, láìjẹ́ pé ẹran tàbí ẹja tàbí ẹyin kọjá ètè rẹ̀, àfi bí ọdún bá dé.

Olúwa wa ti rí irú èyí rí. Àwọn kan ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé ohun tí ẹ̀yin ìbá fi jẹ èrè lára wa, a ti yà á sọ́tọ̀ fún tẹ́ńpìlì. Kò fi ohùn dídùn bá wọn sọ̀rọ̀.

Àárín orin Dáfídì ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fi ojú hàn. Ní ọjọ́rú kan, Èjìdé dé ibi omi dídákẹ́ rọ́rọ́, ó sì dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dé ibẹ̀, ó tún dúró. Prudence, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, sọ pé, “Ìyá, ó dà bí ẹni pé àgùntàn ti sọnù o.”

Èjìdé dá a lóhùn pé, “Àgùntàn ò sọnù, ọmọ mi. Olùṣọ́ rẹ̀ ni kò rántí ọ̀nà. Ẹ dúró dè mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sọ pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun, kò sì sí èèrà. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ata sì ń ta á. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ọjà Pobè ra iyọ̀, tí wọ́n sì rí i ní ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà Issaba, tí ó ń wá ilé ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti wó láti ọdún mẹ́ta.

Félicité gbọ́, ó wá láti Takon. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó wo inú abọ́, kò sì rí ẹja tàbí ẹran kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Valentin, fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ìgbàgbé arúgbó kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ àrùn ọpọlọ fúnra rẹ̀, a kò sì tíì rí oògùn tí ń wò ó sàn. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ebi. Fitamíìnì kan wà tí ọpọlọ àti iṣan ń lò, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó ti ń wá. Bí kò bá sí fún ọdún díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dín kù, ẹsẹ̀ a máa kú, ìrántí a sì máa lọ. Èyí ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí ohun tí ó bá ti kú nínú iṣan kì í jí. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ìyá ń jẹ nílé.

Léonce ni ó dáhùn. Ó ní gbogbo nǹkan ni ìyá ń jẹ. Félicité kò já a nírọ́ lójú dókítà; ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ yóò sọ òtítọ́. Dókítà ní kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Léonce bẹ̀bẹ̀ pé òun ní ìrìn àjò, kí wọ́n jẹ́ kí ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mú ìyá òun wá. Dókítà yìn ín fún ìfẹ́ tí ó ní sí ìyá rẹ̀.

Kò sí ìrìn àjò kankan. Ohun tí ó wà lọ́kàn Léonce ni pé ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn kò jìnnà sí ilé ìsìn, bí ìwé bá sì jáde pé ebi ń pa ìyá ẹni tí ń bọ́ opó, gbogbo Pobè yóò gbọ́. Ó padà sílé, ó sì pàṣẹ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ ìyá kún. Ẹyin méjì ní òwúrọ̀, ẹ̀dọ̀ màlúù ní ọ̀sán, ẹja tútù ní alẹ́. Wọ́n pe Innocent, ọkùnrin tí ń gbé oògùn kiri lórí alùpùpù nínú àpótí onígi, ó sì gún ìyá ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ kan tí omi rẹ̀ pupa bí oje ìṣápá. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é: bí ìgbà tí a fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ ọmọ kí bàbá tí kò ríran lè fi ọwọ́ kàn án kí ó sì ṣìnà. Ẹ̀tàn ti àtijọ́, ìbùkún ni wọ́n fi ń wá. Èyí, orúkọ rere.

Ìyá kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó wo ẹ̀dọ̀ nínú abọ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ Arlette pé, “Ọdún wo ni a ń ṣe?”

Arlette ní ọdún kan ṣá ni. Nígbà tí ìyá fẹ́ ti ẹran náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ fún ọmọ tí yóò palẹ̀, Arlette jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Nǹkan tí kò ṣe fún un ní ọdún mẹ́rin, ó ṣe é ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, kì í sì ṣe nítorí rẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Obìnrin tí orin Dáfídì ń yọ́ lọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n jókòó ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní irọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí dókítà sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ka á bí ó ṣe máa ń ka ohun mímọ́, pẹ̀lú ojú pípadé.

“Ẹyin lójoojúmọ́. Ẹja lójoojúmọ́. Ẹran ní ọjọ́ Àìkú. Àmín.”

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò kékeré méjì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Sakété. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ni a gbé fún ìyá. Wọn kò tilẹ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Bí a bá ń wá ohun tí a lè fi ṣe àforíjì fún ilé náà, ibí yìí ni ọwọ́ wa ti ń ṣófo.

Ìwé àyẹ̀wò dé. Fitamíìnì náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ó wo ìlà yẹn, ó sì mí kanlẹ̀. Ó sọ fún Léonce pé kì í ṣe oúnjẹ, pé ó ní láti jẹ́ àrùn ọpọlọ, àti pé ìtọ́jú àti sùúrù ni ó kù. Léonce pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù ní Takon, ó sì ròyìn fún un pẹ̀lú ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti ṣètò: Prudence yóò gba ẹ̀kọ́ ọjọ́rú, wọn óò tún iyàrá kan ṣe ní Issaba, ìyá yóò máa gbé ibẹ̀, ẹnì kan yóò máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó má baà ṣìnà mọ́.

Félicité wá gba ìwé náà. Léonce fún un láìjiyàn, nítorí ó mọ̀ pé àbúrò òun kò lè kà á. Ó gbàgbé ìdí tí kò fi lè kà á. Félicité kò mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Pobè. Ó wo òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwé, ó dá orúkọ Sakété mọ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ó ti wá.

Ẹni tí ó bá níbẹ̀ ni Ràúdátù, ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ ní ọjà Sakété, mùsùlùmí olùfọkànsìn. Ọlọ́run a máa fi òtítọ́ sí ẹnu ẹni tí ó bá wù Ú. Ràúdátù wo ìwé náà, ó sì sọ pé òun ti ń retí ẹnì kan láti ọjọ́ márùn-ún. Ó ní òun ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún dókítà, kò sì dà bí ẹni pé dókítà kà á. Ó fa àga fún Félicité.

“Tàǹtí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan ná. Ta ni ó gún màmá ní abẹ́rẹ́ pupa?”

Félicité ní òun kò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ kankan. Ràúdátù wá ṣàlàyé. Ó ní bí ènìyàn bá jẹ odindi màlúù, fitamíìnì náà kò lè ga tó bí ó ṣe ga nínú ìgò àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òun wo ìgò kejì lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Hóró ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, bí wọ́n ṣe máa ń rí nígbà tí ara bá ti wá fitamíìnì yẹn títí tí kò rí i.

“Hóró ẹ̀jẹ̀ kan a máa gbé tó oṣù mẹ́rin nínú ara kí ó tó kú,” ni ó wí. “Àwọn tí mo rí, ìgbà ebi ni a ṣe wọ́n, Tàǹtí. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kò lè pa ẹnu oṣù mẹ́rin mọ́.”

Félicité béèrè bóyá orí ìyá òun ṣì lè padà. Ràúdátù ní òun kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì kò tó fún ẹni tí irú ebi yìí ti pa pẹ́; bí wọ́n bá fi sílẹ̀ báyìí, ara yóò tún padà sí ebi, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan lọ. Kí wọ́n sọ òtítọ́ fún dókítà lónìí bí ó bá ṣeé ṣe.

A ti gbọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé pé ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì kígbe láti inú ilẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ Èjìdé kígbe láti inú ìgò, nínú iyàrá kékeré kan ní Sakété, ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó sì tẹ́tí sí i nígbà tí àwa tí a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ti di etí wa.

Félicité gun alùpùpù, ó kọjá sí Pobè tààrà. Ó bá Léonce ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn àwọn àpò sìmẹ́ńtì, níbi tí wọ́n ti ń gbé e jókòó kí ojú lè wà lára rẹ̀. Félicité kò pariwo. Ó pè é bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ó ní, “Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà fún mi kí n lè sọ ọ́ fún dókítà.”

Léonce kọ́kọ́ sẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní abẹ́rẹ́ agbára lásán ni. Ó ní Takon ni Félicité ń gbé, láàárín ẹ̀gẹ́, kò mọ ohun tí ojú ẹni tí gbogbo ìlú ń wò ń rí. Àbúrò rẹ̀ ṣáà ń wò ó. Ìgbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbàgbé láé, nítorí oníbàárà kan tí ń ka páànù nítòsí gbọ́ ọ, ó sì bá wa sọ ọ́.

“Ó sàn kí wọ́n sọ pé ọpọlọ ìyá ti gbó,” ni Léonce wí, “ju kí wọ́n sọ pé ọmọ rẹ̀ kò bọ́ ọ.”

Ibi tí a ti tọ́ òtítọ́ náà wò nìyẹn, ó sì korò bí ewé ewúro tí a kò fọ̀. Ọkùnrin kan fi ìyá rẹ̀ wọn orúkọ rẹ̀, ó sì rí i pé orúkọ wúwo jù. Ife tí a fọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ìdin kún inú rẹ̀, àwa ni a ń gbé e ga ní ọdọọdún.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn àwọn àpò. Èjìdé ti dìde, ó di ọ̀kan mú nínú àwọn àpò náà, erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì sì funfun lọ́wọ́ rẹ̀.

“Léonce,” ni ó wí, “kì í ṣe ọdún ni a ṣe nígbà náà?”

Félicité di ìyá rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde. Ní ọ̀nà, ìyá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé níbo ni wọ́n ń lọ, lẹ́ẹ̀mejì náà ni ó dá a lóhùn pé ilé dókítà ni.

A gbọ́dọ̀ yin ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Valentin. Nígbà tí Félicité sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó mú ìwé náà, ó ka ohun tí Ràúdátù kọ sí ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti kà á, òun kò sì kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà; ó tún un gún ní ọjọ́ kejì-kejì fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé gbogbo ohun tí ó ti lọ ni yóò padà.

Èjìdé kò padà sí ilé onílẹ̀ dídán. Takon ni ó lọ. Nínú ilé Félicité, ẹja kò tóbi. Ẹja gbígbẹ ni nígbà púpọ̀, ẹyin sì jẹ́ ti adìyẹ tí ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá. Ṣùgbọ́n Félicité ṣe òfin kan tí a kò ní tẹ́lẹ̀: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gba ìbùkún nínú abọ́ ìyá àgbà títí ìyá àgbà yóò fi jẹ tirẹ̀ lójú gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ a máa jókòó tì í. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá ń bínú. Ó ní ọmọ tí òun bí kò lè máa ka òkèlè mọ́ òun lẹ́nu.

Félicité dá a lóhùn pé, “Ìyá, ẹ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó rántí ìdí tí ẹ fi ń bínú sí mi.”

Ní oṣù kejì, ahọ́n rẹ̀ padà sí bí ó ti wà. Ní oṣù kẹta, ó ń bó àgbàdo ní àgbàlá, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ ní jẹ́jẹ́ bí ó ti máa ń lọ. Ó dé ibi omi dídákẹ́ rọ́rọ́, ó sì kọjá. Kò mọ̀ pé òun kọjá. Félicité, tí ń lọ ata, ni ó gbọ́, ó sì gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. Ìyá kọjá àfonífojì, ó kọjá níwájú àwọn ọ̀tá, ó dé ibi tábìlì tí a tẹ́, ó sì parí rẹ̀ sínú ilé Olúwa. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó padà. Orin Dáfídì tí ó gùn jù lọ kò pé mọ́ lẹ́nu rẹ̀; ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ pátápátá. Èèrà náà ṣì ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án irọ́ àti ọjọ́ tí a fi dúró de ìwé irọ́ náà wà nínú ohun tí ó ná an.

Nígbà tí ìròyìn dé Pobè pé orí ìyá ti ń padà, Léonce wá sí Takon pẹ̀lú ọkọ̀. Ó jókòó, ó kí ìyá rẹ̀, ó sì sọ pé òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ. Òun óò pa màlúù, òun óò pe àwọn opó, òun óò jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ìyá òun. Ó dà bí ẹni pé kò tíì sí nǹkan kan tí ó bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èjìdé sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju bí ó ti ń ga ní ọjọ́rú.

“Má pa màlúù lórí mi, Léonce. Bí o bá fẹ́ jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí o bá Félicité sọ láàárín sìmẹ́ńtì ni kí o tún sọ níwájú ìjọ. Bí o kò bá lè sọ ọ́, mú ẹja kan wá fún mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí o sì jókòó kí n jẹ ẹ́ lójú rẹ.”

Léonce kò tíì sọ ọ́ níwájú ìjọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ó mú ẹja wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ó sì ti mú un wá lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó ń jókòó, ìyá rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ dé orí. Ní ọdún yìí, nígbà tí ọjọ́ Ajé àjíǹde dé, àwa ìjọ ni a fi ọwọ́ ara wa se oúnjẹ àwọn opó, kò sí àwòrán. A rán ọkọ̀ sí Takon, Èjìdé sì jókòó sí ìlà àkọ́kọ́. Ràúdátù fi ẹyin ránṣẹ́ sí i láti Sakété. Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, kí ó tó padà sí Takon, àwọn obìnrin yí i ká. Prudence wà níbẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ tí ìyá kò bá rántí mọ́, àwọn óò rán an létí, nítorí lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn ti gbà á.

Èjìdé, kí Olúwa tí ń mú ìgbà èwe ẹni di ọ̀tun bí ti ẹyẹ idì pa ohun tí ó kù mọ́ fún ọ, kí Ó sì rántí fún ọ ohun tí ó ti lọ. Kí abọ́ rẹ má ṣe gbẹ mọ́, kí ọwọ́ rẹ má sì rẹ̀ láti fúnni. Kí ilé Félicité máa gbòòrò ní Takon, kí àgbàdo rẹ̀ máa yọ ọmọ. Kí ojú Arlette là sí abọ́ tí ó ń gbé kalẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ tí ó sàn ju ti Ábẹ́lì lọ sọ̀rọ̀ rere fún Léonce, kí Ó fún un ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ náà kí ìyá rẹ̀ tó lọ sinmi, kí Ó sì dárí jì wá, àwa tí a jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀. Kí àlàáfíà wà lórí gbogbo ilé náà, láti Issaba dé Pobè, láti Pobè dé Takon. Àmín.